Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Ẹrù

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi ń rí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi báyìí.

Rewáyà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ti ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù jíìpù ńlá kan.

Jíìpù yìí fẹ́ fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ń so ẹ̀rọ tó máa jẹ́ kí bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà mú bí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì jíìpù.

Ara oníjíìpù ò balẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ so ó mọ́ wáyà iná ẹ̀yìn, ká máa lọ!"

"Rárá o! Tí wáyà yẹn bá jó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrù yìí á tì yín wọ kòtò."

Ó fa wáyà tuntun látorí bátìrì.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ọkọ̀ òfúrufú lẹ̀ ń kàn ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Tẹ bíréèkì."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dẹ etí sí táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù.

"Tún un tẹ̀." Mo tún un tẹ̀, ó wá dìde. "Ó ti mú."

Oníjíìpù wọlé, obìnrin kan jókòó tì í, wọ́n ṣíná.

Ọmọbìnrin kékeré kan yọrí lójú fèrèsé ẹ̀yìn. "Dádì, ó dàbọ̀ o!"

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń juwọ́ sí.

Ìyàwó ẹ̀ tó kọ̀ ọ́ ló wà níwájú yẹn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀ ló wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba orí òkè láìsí bíréèkì lára kẹ̀kẹ́ náà, òun fúnra ẹ̀ ló pe oníjíìpù, ọkọ tuntun obìnrin náà, pé kó gbé jíìpù wá.



Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa so wáyà yẹn?