Ife Èfinrín

Ẹ bá mi yọ̀ o, ewé mi ti jẹ́!

Látàná ni inú ti ń run Hàfúsátù, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Tanke. Ó ń ké bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ.

Mo já èfinrín, mo gún ata ilẹ̀ sí i, mo sè é, mo gbé ife kan sí ìgbèrí rẹ̀.

"Máa mu ún díẹ̀díẹ̀, màmá mi."

N ò tíì kírun Àílà tán tí igbe fi dá!

"Ó ti dúró, Ìyá àgbà," ló sọ, jẹ́ẹ́jẹ́. Òógùn bo ojú rẹ̀. Mo ní ibà ló ń jáde.

Mo bú sórin:

"Èfinrín gba ẹnu ọ̀nà wọlé,
Ìrora bá fèrèsé lọ o!"

Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì, yọjú. "Ìyá, ta ló ń ṣègbéyàwó?"

"Ewé mi ló lé ìrora lọ!"

Bọ́sẹ̀ fọwọ́ kan ikùn Hàfúsátù. Ó le bí pákó. Ojú Bọ́sẹ̀ yí padà.

"Níbo ló ti ń dùn ẹ́?"

"Apá ọ̀tún, nísàlẹ̀. Nǹkan kan kàn bẹ́ nínú mi, ó bá dákẹ́."

"Lẹ́yìn tó o mu àgbo?"

Hàfúsátù mirí. "Ẹ má bínú, Ìyá àgbà. Ó ṣì gbóná, mi ò tíì fẹnu kàn án."

Mo wo ife. Ó kún dẹ́múdẹ́mú.

Bọ́sẹ̀ ti figbe ta: "Ẹ bá mi pe kẹ̀kẹ́! Ìyá, apẹ́ńdìsì ló bẹ́ sínú ọmọ yín, ẹ gbé e lẹ́sẹ̀!"

Ẹsẹ̀ tí mo dì mú tutù bí omi àmù.