Ta Ni Bàbá Fẹ́ Gbé Lọ Sí Adágún Orí Òkè?

Ẹ gbà mí o, nǹkan ń ṣe bàbá mi!

Alàájì tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn n'Ítòkú, òjò òkúta ì báà máa rọ̀, ló fẹ́ lọ fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi létí adágún orí òkè ní Adó-Àwáyè.

Wọ́n ra bàtà kánfáàsì méjì. Ọ̀kan bá ẹsẹ̀ wọn mu. Ìkejì kéré, ó sì pupa bí ata rodo.

Bí fóònù bá dún, wọ́n á sá wọ balùwẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín níbẹ̀ lè ṣí páànù òrùlé.

Mo sáré pe Màmi n'Ígbein. Ọdún mẹ́ta rèé tí àwọn àti Bàbá ti kọ ara wọn sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó dà wọ́n pọ̀.

"Màmi, Bàbá fẹ́ gbé ìyàwó!"

"Mùs'áb, jẹ́ kí wọ́n gba atẹ́gùn sára."

Ṣé Màmi ò fẹ́ Bàbá mọ́ ni?

Láàárọ̀ yìí, mo tọ Bàbá lẹ́yìn dé gáréèjì Kútọ̀.

Wọ́n ti gba ìjókòó iwájú méjèèjì nínú mọ́tò Adó-Àwáyè. Obìnrin oníhìjáàbù kan jókòó tì wọ́n, ó kẹ̀yìn sí mi.

Mo figbe ta: "Ìyàwó tuntun, ẹ kú oríire! Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé Alàájì ń hanrun tí Olúmọ fi ń mì?"

Obìnrin náà ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Mo mọ̀, Mùs'áb. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ híhanrun náà. Jímọ̀ tó kọjá ni àlùfáà tún yìgì wa so. Ẹnu rẹ yìí ni ò jẹ́ ká sọ fún ọ. Lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù."