Ilé Àǹtí Jẹ́jẹ́

Obìnrin mẹ́ta ló tẹ̀ lé ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyá ọmọ wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn aránṣọ, torí ó gbọ́dọ̀ padà sídìí máṣíìnì rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àǹtí Jẹ́jẹ́, tó ń bá ìyá ọmọ tọ́jú rẹ̀ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, ló pọn ọmọ náà.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta. Adúmáadán ni ìyá bàbá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ náà kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà wo aago. "Ta ló ni ọmọ yìí nínú yín?"

"Èmi ni, mà," ni ìyá ọmọ wí.

"Ẹ ti pẹ́. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọ̀gá mi ò ní gbà fún mi mọ́."

"Ṣé èmi ni mo gbà yín síṣẹ́ ni?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde. Kò pariwo, kì í pariwo. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ojú ọmọ yìí. Tí ẹ bá lé e, ṣé oorun á kùn yín lálẹ́ òní?"

Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Ẹ jókòó."

Ìyá ọmọ di ọwọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́ mú. "Ọlọ́run ló fi yín ta mí lọ́rẹ."

Ìyá àgbà fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ògiri iwájú rẹ̀. "Nígbà ìsinmi tó lò lọ́dọ̀ mi, ó ń sọ̀rọ̀. Ó pe omi. Ó pe adìẹ."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ, mà," ni ìyá ọmọ wí. "Nígbà tó délé, omi dà? Adìẹ dà?"

"Ó wá di pé mo ń purọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni."

"Ọmọ tó ń lé adìẹ káàkiri àgbàlá mi ló wá ń tòògbé láàárọ̀ kùtù yìí. Iṣẹ́ lo bí, o ò bí ọmọ."

Ìyá ọmọ ya ojú kúrò. Ọkọ rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ fún un lánàá: tí dókítà kò bá rí nǹkan kan ṣe sí i, ọmọ á máa bá ìyá òun lọ. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń wakọ̀ dé ilé ìyá àgbà.

"Ẹ má jà lórí ọmọ," ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ wò ó, ó ti sùn."

Ó ti sùn lóòótọ́.

Ọmọ mẹ́jọ ló wà lọ́dọ̀ Àǹtí Jẹ́jẹ́, nínú yàrá kan tó fara ti ògiri ilé iṣẹ́ àwọn aránṣọ. Ẹni tó bá ń kọjá kò ní mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Àwọn aránṣọ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé máṣíìnì àwọn ń ké ju ọmọ àwọn lọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á bá ọmọ wọn ní mímọ́ tónítóní, àfi àbàwọ́n pupa díẹ̀ lọ́rùn aṣọ, torí Àǹtí Jẹ́jẹ́ kì í fi nǹkan dídùn du ọmọdé.

Dókítà kò kí wọn. Ó ní kí wọ́n jí ọmọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí ọmọ fi wẹ̀yìn.

"Etí rẹ̀ gbọ́ràn dáadáa. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ nílé?"

"Mo ń ṣiṣẹ́, mà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Ẹ bá mi bi í!" ni ìyá àgbà wí.

Ìyá ọmọ gbé orí sókè. "Ọmọ yìí ní bàbá. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé e kiri, kò tíì sí ẹni tó béèrè bóyá bàbá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀."

Dókítà kọ nǹkan kan sínú ìwé. "Ta ló ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jù?"

"Èmi ni, dókítà," ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ wí.

"Ṣé ó máa ń sunkún?"

"Lọ́dọ̀ mi kẹ̀? Ọmọ dáadáa ni. Kò yọ mí lẹ́nu rí."

Dókítà tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó kó ọmọlangidi kan, bọ́ọ̀lù, ìyàrun, aṣọ pélébé kan àti ìgò oògùn kékeré kan tó ṣófo lé e lórí, ó sì gbé ọmọ náà jókòó sáàárín wọn. "Tọ́jú ọmọ rẹ," ló sọ fún un. Ó kọjú sí àwọn àgbà. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan fún un."

Ọmọ náà ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Ó mú ìyàrun, ó jù ú sílẹ̀. Ó wo ojú Àǹtí Jẹ́jẹ́, ó sì na ọwọ́ sí ìgò.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde. "Ó ti rẹ ọmọ yìí, dókítà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ jókòó!"

Inú bí ìyá ọmọ. "Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, mà. Nínú gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ló fẹ́ràn ọmọ mi."

Ọmọ náà gbé ọmọlangidi lé itan, ó ṣí ìgò, ó rọ òfìfo inú rẹ̀ sínú ọmọrí, ó fi ìka méjì fún ọmọlangidi nímú pa, ó da ọmọrí náà sí i lẹ́nu, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi aṣọ bò ó lójú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láyé, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn kan tí gbogbo wọn mọ̀: "Gbé e mì. Sùn."