Ògiri Tí Gérard Dáná Sí Nídìí

Ìkánjú ló ba Gérard ti Akparé jẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbọ́ pé wọ́n máa yin òun lọ́la, ó fẹ́ kí ọ̀la dé lónìí. Bó ṣe máa ń ra iṣu lọ́jà pàápàá nìyẹn: kó tó gbé e wò lọ́wọ́, ó ti ní ó dáa.

Lọ́dún 1979, àwọn ará Akparé, nílẹ̀ Tógò, pinnu pé àwọn máa kọ́ ilé kan tó máa jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa hun ẹní, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ á ti máa kọ́ orin àwọn baba wọn. Amọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa fi mọ ọ́n, torí ilé amọ̀ máa ń tutù lọ́sàn-án gangan. Fèrèsé á kọjú síra kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Omi òjò á máa ṣàn láti orí páànù lọ sínú kànga tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, káwọn obìnrin má baà máa rìn jìnnà lọ sódò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fi Gérard ṣe olórí iṣẹ́, torí ẹnu ẹ̀ dùn, ó sì gbọ́ Faransé. Bàbá Ògúnsanwó, tó ti ń mọ ilé láti ogójì ọdún, ni ọ̀gá àwọn tó ń mọ amọ̀.

Ilé amọ̀ ní òfin tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ipele kan, ẹ máa fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dìgbà tí àtàǹpàkò ò bá wọ inú ẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé ìkejì lé e.

Ipele mẹ́ta ti dúró nígbà tí Gérard lọ sí Atakpamé, ó sì lọ fọ́nnu níwájú pèrèfẹ́, ọ̀gá ìjọba tó ń ṣàkóso agbègbè náà. Ó ní ilé ti fẹ́ẹ̀ parí. Pèrèfẹ́ ní ó dáa, òun ń bọ̀ wá ṣí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Bí Gérard ṣe padà dé, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ̀ Bàbá Ògúnsanwó ló gbà lọ.

"Bàbá, ipele mélòó ló kù?"

"Mẹ́rin. Oṣù kan."

"Pèrèfẹ́ ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ṣì máa kan páànù, a máa kùn ún. Ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ fi ṣe é."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Amọ̀ ò mọ pèrèfẹ́ o, Gérard."

"Ẹ jẹ́ ká dáná sí ìdí ògiri, kó yára gbẹ."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ á gbẹ. Inú ńkọ́? Iṣu tí iná jó lẹ́yìn, tí inú ẹ̀ ṣì tutù, ṣé ìyàwó ẹ máa ń gbé e síwájú ẹ kó o jẹ ẹ́?"

Gbogbo àwọn tó ń po amọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wọ Gérard lára. Ó ní, "Ẹ máa lọ sinmi nílé, Bàbá. Ọjọ́ ogbó ti dé."

Bàbá fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́, ó mú ọ̀pá ẹ̀, ó lọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n Gérard ti na ìka sínú ìkòkò.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé ipele mẹ́rin lé ara wọn. Wọ́n ń dáná tọ̀sán-tòru, ẹ̀yìn ògiri sì gbẹ bí àpáta. Wọ́n kan páànù lé e. Wọ́n fi ẹfun kùn ún, ó funfun báláú.

Ó ku ọjọ́ méjì kí pèrèfẹ́ dé, Gérard nìkan wọlé, ó rí i pé ògiri ọwọ́ òsì ti lanu. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Inú ẹ̀ tutù bí imú ajá. Ó bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Ó po amọ̀ díẹ̀, ó fi dí i, ó sì ta aṣọ kan bò ó.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú jókòó sábẹ́ igi níta. Àwọn obìnrin mẹ́wàá tó máa kọrin wọlé lọ dán orin wọn wò. Pauline, ìyàwó Gérard tó bí Adèle fún un, ló ń lé orin. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ yẹn gan-an ni wọ́n dúró sí.

Gérard wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo títì, ó ń wo ògiri. Ó rí eruku tó ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí gèlè Pauline. Tó bá pariwo, wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ọkọ̀ ti ń yọ lókèèrè. Ó ń sọ nínú ara ẹ̀ pé, "Kó dé ná. Orin kan péré."

Bàbá Ògúnsanwó yọ lẹ́yìn ẹ̀. "Gérard, kí ló ń dà lára ògiri yẹn?"

"Eruku ọyẹ́ ni, Bàbá."

Bàbá wo ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi gbogbo ohùn ẹ̀ ké: "Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Wọ́n tú jáde. Pauline ló wà ní inú lọ́hùn-ún, ó ń ti àwọn yòókù síwájú. Ògiri wó lé e lẹ́sẹ̀.

Pèrèfẹ́ ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹ̀ ló fi gbé Pauline lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kejì, ìlú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Gérard, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé Bàbá Ògúnsanwó lọ́wọ́. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, Gérard ló ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọn ò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ìpàdé.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìyà tó dùn ún jù. Nílé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn Pauline.

"Ìyá Adèle, ṣe ni mo ní kí pèrèfẹ́ ṣáà dé ná..."

"Bàbá Adèle," ni Pauline wí, "nígbà tí eruku yẹn ń bọ́ sí mi lórí, ojú yín ni mò ń wò. Ẹ ti mọ̀."

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, Datcha, ilé bàbá ẹ̀, ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Gérard lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló dá nìkan padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èyí, ẹ gbé e lọ sílé: ẹni bá yára jù á sáré kọjá ilé ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, ẹ má fi wá ìyìn fún orí ara yín, ẹ má sì lé àgbà tó mọ iṣẹ́ jáde torí pé ó sọ òótọ́. Àṣìṣe ìkánjú ṣì ní àtúnṣe: ẹ wó ògiri náà lulẹ̀, kẹ́ ẹ tún un mọ. Àmọ́ ẹni tó rí i pé ògiri ti lanu, tó fi aṣọ bò ó, tó sì ń wo àwọn èèyàn ẹ̀ níbẹ̀ torí ìtìjú, ilé ara ẹ̀ ló ń wó.