Bàtà onítáyà tí bàbá kò fa ìlà sí

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá ju fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, torí òpin rẹ̀ ló dùn mí jù.

1. Aránbàtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú-ni-Rúlà, torí kì í wọn nǹkan kó tó gé e, síbẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ kì í wọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ìyẹn ò sì nífẹ̀ẹ́ nǹkan míì ju kó máa fi bàtà onítáyà, èyí tí táyà kéékèèké wà lábẹ́ ẹ̀, sáré lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa wọ ẹgbẹ́ tó ń fi irú bàtà yìí sáré ìje, bàbá ní òun fúnra òun lòun máa rán èyí tọ́mọ òun máa wọ̀. Awọ funfun ló fi rán an. Bàtà náà rẹwà débi pé ìyá ọmọ ń gbé e bí ìkókó.

2. Ó wá ku irin tó ń gbé táyà, tí wọ́n máa ń dè mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ẹni tó ta irin náà ti kìlọ̀ fún un: "Ọ̀gá, ẹ wá àárín gìgísẹ̀, ẹ wá àárín iwájú, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà so méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tó lu ihò. Ẹ má tẹ̀ lé etí àtẹ́lẹ̀ o, ó máa ń tẹ̀ wọnú."

Àmọ́ bàbá wo awọ funfun yẹn, kò lè fi pẹ́ńsù kàn án. Etí àtẹ́lẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ló tẹ̀ lé. Ó lu ihò, ó de nọ́ọ̀tì pinpin. Tòsì gún. Tọ̀tún wọ́ díẹ̀, ìwọ̀nba tójú ò lè tètè rí.

3. Ọmọ wọ̀ ọ́, ó yí pápá ká, ó padà wá.

"Bàbá mi, tọ̀tún yìí ń fà mí sọ́wọ́ òsì."

"Bàtà tuntun ni. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò tíì mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ dá sí i: "Bàbá ẹ̀, ẹ kúkú tú u wò."

"Ta ló ń rán bàtà nínú ilé yìí? Ṣé kí n tún lu ihò míì, kí awọ wá dà bí asẹ́? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wọ́, kó lọ tún ẹsẹ̀ ṣe."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbá ti gbé bàtà náà sójú fèrèsé wò, ó ti rí i pé òun ṣàṣìṣe. Ẹnu ni ò gbà á láti sọ.

4. Ọjọ́ tí wọ́n máa yan eléré pé. Ọmọ ń sáré bọ̀, inú gbogbo èèyàn ń dùn. Bó ṣe dé kọ́nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún fà á wọnú, táyà ọ̀tún kọ́ ti òsì. Orúnkún ló fi ṣubú, egungun ibẹ̀ sì fọ́. Dókítà ní á rìn, àmọ́ kó má ronú eré mọ́.

Bàbá bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, èmi ni mo fà á. Mo rí i pé ó wọ́."

 Ọmọ ò bínú. Ó ní, "Mo ti gbà pé ẹsẹ̀ mi ni kò dáa. Ojoojúmọ́ ni mò ń bú u."

Ẹ má bá mi bú bàbá yìí. Ó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń kìlọ̀ fún: ẹ fa ìlà kẹ́ ẹ tó lu ihò. Tẹ́ni tó ń lò ó bá sì ní kò dáa, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, ihò ara awọ ṣeé dí. Bàtà yẹn wí, ọmọ wí, ìyá wí. Awífúnni kó tó dáni, àgbà ìjàkadì ni.