Ọ̀pẹ Tí Kò Mì Mọ́

Bí Ẹ̀gà ṣe bà lé orí ọ̀pẹ báyìí ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Àdàbà, tó sàba lé ẹyin rẹ̀ ní ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ, ń gbọ́.

"Ẹ̀yin ará mi, ó tó gẹ́ẹ́!" ni Ẹ̀gà ké sí àwọn ẹ̀gà yòókù. "Atẹ́gùn tún da ẹyin ìyàwó mi nù lánàá. Ẹ jẹ́ ká já gbogbo ewé ara imọ̀ wọ̀nyí, kílé ẹnikẹ́ni má mì mọ́ láéláé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," ni Àdàbà wí. "Mo rí Ejò níjelòó. Ó gùn dé ọrùn ọ̀pẹ, àmọ́ bí imọ̀ ṣe ń mì, ẹ̀rù bà á, ó padà."

"Ojo ni ọ́! Tí ìlú bá ti dára, Ejò gan-an á di ọmọlúwàbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gà sì dá orin:

Ẹ já a, ẹ já a!
*Kó má mì mọ́!*
Ìlú ayọ̀ dé!
*Kó má mì mọ́!*

Ewé jíjá ni iṣẹ́ tí ẹ̀gà mọ̀ jù. Kó tó di ọ̀sán, imọ̀ ti dúró gbagidi bí ọ̀pá. Atẹ́gùn fẹ́, nǹkan kan ò mì. Wọ́n ń jó.

Ejò wò ó láti ìdí igi, ó gòkè, ó gba orí imọ̀ bí ẹni ń gba ojú títì. Àdàbà fi ìyẹ́ gbá a títí, pàbó ló já sí. Ilé gbogbo ni Ejò yà, kò ṣẹ́ ẹyin kan kù.

"Àbúrò," ni Ẹ̀gà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kí la máa ṣe báyìí?"

Àdàbà wo ìtẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó ṣa igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́nu, ó sì fò lọ sórí ọ̀pẹ tó ń mì lódìkejì odò.