Díákónì Tó De Páìpù Lọ́rùn

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìparí, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí lè jẹ́ ẹni tó jókòó sórí àga yín gan-an.

1.

Ní Kaduna, lọ́dún 1994, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́runtọ́ba. Díákónì ni, ọmọ Kàbbà. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba kan, inú ọgbà náà sì ni ìjọba fún un nílé, òun àti Bridget ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń fọ́n omi sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Koríko ń mu, títì ń mu, gọ́tà ń mu. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti fa ẹnu ẹ̀rọ gbẹ ní Hayin Banki, àdúgbò tó wà nítòsí! Bí àwọn obìnrin bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá sí géètì, Díákónì á jágbe mọ́ wọn pé, "Ṣé kànga bàbá yín nibí ni? Ẹ kúrò!"

Ẹni tó ń gbàdúrà fún òjò ìbùkún lọ́jọ́ ìsinmi ni o.

2.

Ìjọba ní omi tó ń ṣòfò níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn yóò yọ ẹ̀rọ náà, àwọn yóò tẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sídìí fúláwà, kí omi máa dé gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀, kí ìyókù lè dé Hayin Banki. Wọ́n sì kìlọ̀ fún Díákónì:

"Bí ọgbà yìí bá yè títí òjò fi dé, inú ilé yìí lẹ ó máa gbé títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá kú, ẹ kó ẹrù yín."

Hàúwà ni wọ́n rán wá tẹ́ páìpù náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tudun Wada ní Kaduna níbẹ̀. Ẹnjiníà ni, ọmọge ni, Hausa ló sì kún ẹnu rẹ̀ ju Yorùbá lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá rí páìpù yìí tó ń yoyo, ẹ fi sílẹ̀ o. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Yoyo?" Díákónì bú sẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ Hausa dáadáa. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa òrùlé tó ń jò nìyẹn. "Páìpù jíjò lo gbé wá bá mi?"

"Haba, Bàbá! Kì í ṣe jíjò yẹn. Ó ń... kai, kí lẹ̀ ń pè é gan-an? Ihò wà lára ẹ̀, omi á máa—"

"Lọ kọ́ èdè bàbá rẹ ná! Èmi tí mo ti wà nídìí fúláwà kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bomi rin nǹkan?"

Ó kẹ̀yìn sí i, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. "Kán" ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń wá. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan péré! Kò dúró gbọ́ ọ.

3.

Nígbà tí wọ́n ṣí omi, Díákónì rí i tó ń sun lójú ihò gbogbo. "Ṣé mo sọ!" Ó gbé túùbù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti gbó fún Bridget pé kó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi de ojú ihò kọ̀ọ̀kan pinpin. Títí dé ibí yìí, àṣìṣe ni. Ọlọ́run a máa forí ji aláṣìṣe.

Kò pẹ́, fúláwà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Bridget pè é.

"Bàbá Tolúwaṣẹ, ẹ wá wò ó. Rọ́bà ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí, omi ń kán níbẹ̀. Fúláwà ibẹ̀ nìkan ló ń tanná. Ẹ jẹ́ ká tú ìyókù."

Díákónì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ewé ibẹ̀ ń dán. Ó yé e. Ẹ gbọ́ mi o, ó yé e pátápátá!

"Tí mo bá tú u, ọmọ yẹn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Kaduna."

"Ilé wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n wí?"

"Jẹ́ kí ọgbà kú. Òun tó gbé páìpù wá ni wọ́n á mú."

Ó mú rọ́bà mìíràn, ó de ihò náà, ó fi eyín fà á le.

4.

Nígbà tí gbogbo ọgbà ti wá gbẹ bí ibi tí iná jó, Díákónì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pe àwọn ọ̀gá wá. Hàúwà tẹ̀ lé wọn. Díákónì nàka sí i lójú.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tẹ́ ẹ rán wá! Ó ti pa ọgbà ìjọba!"

"Wallahi, páìpù mi kò ṣe èyí," Hàúwà wí. Ó kúnlẹ̀, ó gbá ewé gbígbẹ kúrò, ó gbé páìpù sókè. Rọ́bà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn láti ìdí dórí bí eégbọn lára ajá.

Alhaji Adégbọlá, ọ̀gá wọn, wò ó. "Ta ló de èyí?"

"Àwọn obìnrin Hayin Banki ni, sà! Ọ̀tá ọgbà yìí ni wọ́n. Ẹ bi ìyàwó mi wò. Ọmọ Ọlọ́run ni, kì í purọ́."

Gbogbo ojú yí sí Bridget.

"Èmi ni mo gé rọ́bà náà, sà," ó ní. "Túùbù kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ni. Mo ní kó tú u, kò gbà."

"Bridget! Èmi lò ń tà?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní mi ò kì í purọ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó ẹrù wọn síta. Ìjọ gba oyè díákónì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀sùn èké tó fi kan àwọn obìnrin Hayin Banki. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti Bridget háyà ní àdúgbò Trikania, Ọlọ́runtọ́ba a sì máa jókòó síwájú yàrá náà, a máa sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé ìyàwó òun ló ba òun jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ṣọ́ra! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun. Kì í ṣe àṣìṣe ló lé Ọlọ́runtọ́ba jáde nílé. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́ tó ń tanná, ó sì fi eyín fa okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ẹni tí o kò kà sí bá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ọ sọ, ṣe sùúrù kó rí i. Má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ọjọ́ orí, tàbí èdè, tàbí ibi tó ti ń kírun. Ẹni tó bá dijú kí ẹni burúkú kọjá, kò ní mọ ìgbà tí ẹni rere yóò kọjá lọ.